Ìran Faransé Kánádà: Ìfiwéra Àwọn Ìwé àti Ìkànnì fún Ẹni Tó Fẹ́ Tọpinpin Rẹ̀

Ẹni tí ìran rẹ̀ bá ṣẹ̀ wá láti Québec, ìpínlẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ní Kánádà, ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lágbàáyé kò ní. Àkọsílẹ̀ tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ṣe níbẹ̀ nípa ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àwọn ọmọ ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1621, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà títí di òní, a sì lè ṣí ojú ewé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti ibikíbi. Àwọn ìwé àkọ́kọ́ gan-an jóná nígbà tí ilé ìsìn ìlú Québec gbiná lọ́dún 1640, ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà fi ohun tí wọ́n rántí tún wọn kọ. Láti 1679 ni wọ́n sì ti ń kọ ìwé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ìjọ, èkejì fún ilé-ẹjọ́, tó fi jẹ́ pé ibi tí iná tàbí omi bá ti ba ọ̀kan jẹ́, èkejì sábà máa ń kù.

Ohun tó ń da olùwádìí láàmú ni pé ọ̀nà tó wọ inú àwọn ìwé yìí pọ̀. Òmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́, òmíràn ń gba owó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìgbà tí agbára rẹ̀ mọ sí. Lẹ́yìn èyí, orúkọ ìdílé tí a fẹ́ fi wá ènìyàn nínú wọn kì í dúró sójú kan. Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí òun kọ́kọ́ ná àkókò àti owó òun sí, yálà ìran tirẹ̀ ló ń wá tàbí ti ọkọ, ti aya, tàbí ti àwọn àna rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Montréal tí wọ́n ti bá àwọn ará Québec ṣe àna. Èrò tí mo dì mú ni pé ọ̀rúndún tí okùn ìran ti já ni kí ènìyàn fi yan ohun tí yóò lò, àti pé tọkọtaya ni kí ó máa wá, kí ó má ṣe gbára lé orúkọ ìdílé kan ṣoṣo.

Orúkọ ìdílé tàbí orúkọ tọkọtaya?

Ní Québec àtijọ́, ìdílé kan lè máa jẹ́ orúkọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kékeré náà “dit”, ìyẹn “tí wọ́n ń pè ní”, ni wọ́n fi ń so orúkọ àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ àlàjẹ́ tó tẹ̀lé e. Àwọn tó ń gbé ní Québec mọ orúkọ Desjardins dáadáa nítorí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí Alphonse Desjardins dá sílẹ̀ ní ìlú Lévis lọ́dún 1900. Bàbá Alphonse ni François Roy dit Desjardins, ìyá rẹ̀ sì ni Clarisse Miville dit Deschênes. Orúkọ Roy dit Desjardins yìí ti wà láti ìgbà Antoine Roy, ọmọ ogun tó bá ẹgbẹ́ Carignan-Salières dé láti ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1665. Láàárín ọ̀rúndún méjì àtààbọ̀, ọmọ kan lè máa jẹ́ Roy, kí àbúrò rẹ̀ máa jẹ́ Desjardins, kí àlùfáà ìjọ kejì sì kọ orúkọ méjèèjì papọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, láìsí ẹni tó rí i bí ohun àjèjì.

Oríṣiríṣi ibi ni àwọn àlàjẹ́ yìí ti wá, ó sì dára kí a mọ̀ ọ́n, nítorí irú àlàjẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń tọ́ka sí ìwé tó yẹ kí a lọ wò. Inú iṣẹ́ ogun ni ọ̀pọ̀ ti jáde: Lafleur, Sansoucy, Jolicoeur, Tranchemontagne, Vadeboncoeur. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn ní ibùdó ogun ni wọ̀nyí, ẹni tó bá sì rí irú rẹ̀ nínú ìran rẹ̀ ní ìdí láti wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun. Òmíràn ń sọ ibi tí ẹni náà ti ṣí wá ní Faransé. Langevin wá láti Anjou, Picard wá láti Picardie, Saint-Onge sì wá láti Saintonge. Òmíràn tún jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n so mọ́ orúkọ ìdílé. Charles Le Moyne, tó wá láti Dieppe, bí àwọn ọmọ tí ìtàn mọ̀ sí d’Iberville, de Bienville, de Maricourt àti de Sérigny, àwọn yìí sì jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Èyí tí ìtàn ń pè ní Bienville nínú wọn ló tẹ ìlú New Orleans dó lọ́dún 1718. Ẹni tí kò mọ àṣà yìí yóò rò pé ìdílé mẹ́rin ni òun ń kà nípa rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà wá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni láti fi orúkọ tí ìdílé ń jẹ́ lónìí wá wọn. Èyí dára títí dé ìparí ọ̀rúndún 19, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, ó lè tan ènìyàn jẹ, nítorí ọ̀rúndún 19 gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé yan ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì tí wọ́n sì jẹ́ kí èkejì lọ. Èkejì ni láti mọ gbogbo orúkọ tí a ti so pọ̀ mọ́ ìdílé náà, kí a sì máa wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àkókò, nítorí pé bàbá kan lè ní àwọn ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àlàjẹ́ tirẹ̀: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Nicolas Rivard dit Lavigne àti Robert Rivard dit Loranger, àwọn ìran wọn lónìí sì pín sí Rivard, Lavigne àti Loranger pẹ̀lú àwọn orúkọ mìíràn tó hù lẹ́yìn náà.

Ọ̀nà kẹta ni mo gbà pé ó sàn jù lọ: kí a wá orúkọ ọkọ àti orúkọ aya papọ̀. Ìdí ni pé obìnrin ní Québec kì í fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé. Marie Rollet, tó bá ọkọ rẹ̀ Louis Hébert dé Québec lọ́dún 1617, ṣì ni Marie Rollet nínú ìwé títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn obìnrin tó tẹ̀lé e. Bí orúkọ ọkọ bá yí padà láti Roy sí Desjardins láàárín ìsàmì ọmọ àkọ́kọ́ àti ti ọmọ kẹfà, orúkọ ìyá wọn ni yóò fi hàn pé ilé kan náà ni wọ́n. Gbogbo ìkànnì tó bá gba orúkọ ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú àpótí ìwádìí rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣíwájú èyí tí kò gbà á.

Ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú

Nínú oríṣi ìwé mẹ́ta tí ìjọ ń kọ, ìwé ìgbéyàwó ló níye lórí jù, kò sì sí èkejì tó súnmọ́ ọn. Yóò dárúkọ ọkọ àti aya, àwọn òbí wọn méjèèjì pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí a bí àwọn ìyá sí, páríṣì (agbègbè ìjọ) tí wọ́n ń gbé, bóyá òbí kan ti kú, àti àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n sábà jẹ́ ẹbí. Ìwé ìgbéyàwó kan ṣoṣo ń gbé ènìyàn gun ìran kan sókè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí tọkọtaya bá bára tan, àlùfáà ní láti kọ ìyọ̀ǹda tí ìjọ fún wọn sílẹ̀ àti ìpele ìbátan wọn: ìpele kejì túmọ̀ sí pé bàbá-ńlá tàbí ìyá-ńlá kan náà ni wọ́n jọ ní, ìpele kẹta sì gbé ìbátan náà sókè ní ìran kan sí i. Mo ti rí i pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fo gbólóhùn yìí, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun nìkan ni yóò sọ èyí tó jẹ́ tiwa nínú àwọn tọkọtaya méjì tí orúkọ wọn jọra.

Ìkìlọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀. Páríṣì ìyàwó ni wọ́n ti sábà ń ṣe ìgbéyàwó, nítorí náà ẹni tó bá wá ìgbéyàwó bàbá-ńlá rẹ̀ ní ìlú tí bàbá-ńlá náà ti dàgbà lè má rí nǹkan kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì jẹ́ opó, orúkọ ọkọ tàbí aya tó ti kú ni àlùfáà sábà máa ń kọ dípò orúkọ òbí, a ó sì ní láti padà sí ìgbéyàwó àkọ́kọ́.

Ìwé ìsàmì ń sọ ọjọ́ ìbí, bàbá, ìyá, bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n sábà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àṣà orúkọ àkọ́kọ́ ń dà á rú. Ó wọ́pọ̀, pàápàá ní ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, kí wọ́n fi “Joseph” ṣíwájú orúkọ ọmọkùnrin kí wọ́n sì fi “Marie” ṣíwájú ti ọmọbìnrin, tó fi jẹ́ pé ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Louis wà nínú ìwé ìsàmì gẹ́gẹ́ bí Joseph Louis, tàbí kí orúkọ bàbá ìsàmì tún wà láàárín méjèèjì. Bí ọmọ bá kú, wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìsàmì “François” lọ́dún kan gbọ́dọ̀ wo ìsìnkú àwọn ọdún tó tẹ̀lé e kí ó tó gbà pé François yìí ló dàgbà tó sì gbéyàwó. Kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ìwé ìsìnkú wúlò sí, nítorí iye ọdún tó máa ń kọ fún àgbàlagbà jẹ́ ìfojúdá.

Ìkànnì mẹ́rin tí a sábà ń yàn láàárín wọn

FamilySearch jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ó ṣí àpamọ́, lẹ́yìn náà ẹ lè wo àwòrán àwọn ìwé páríṣì Kátólíìkì ti Québec láti 1621 sí 1979, ní páríṣì-páríṣì àti ọdún-dé-ọdún. Ó ní atọ́ka orúkọ fún apá kan, àmọ́ agbára rẹ̀ gan-an ni pé ẹ lè jókòó kí ẹ máa ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni wà nínú yàrá àlùfáà. Ẹni tó bá mọ páríṣì àti ọdún, tó sì lè ka ìkọ̀wé Faransé àtijọ́ díẹ̀, kò nílò láti san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò mọ páríṣì yóò máa rìn kiri inú rẹ̀ bí ẹni tí ó wọ ọjà Bódìjà láìmọ ohun tí ó fẹ́ rà.

Ancestry ń gba owó àsansílẹ̀. Ó ní Àkójọ Drouin, àwọn àwòrán tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìran ti ìdílé Drouin ya láti inú ìwé àwọn ìjọ Québec ní àwọn ọdún 1940, èyí tó bo 1621 dé 1968. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé àwọn ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà, ìwé ẹnubodè láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, àti ìwé ìwọṣẹ́ ogun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àpótí ìwádìí kan náà. Nítorí náà, bí ìran yín bá ti kọjá sí Amẹ́ríkà, òun ni mo lè sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ san owó rẹ̀. Bí wọn kò bá kúrò ní Québec, owó yẹn tóbi ju ohun tí ẹ ó rí gbà níbẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé pé àwòrán tí ẹ rí níbẹ̀ àti èyí tó wà ní FamilySearch kì í sábà jẹ́ ẹ̀dà kan náà, nítorí náà bí yíǹkì bá ti ṣá lójú ewé kan, ẹ lọ wo èkejì.

Généalogie Québec ni ìkànnì Institut Drouin fúnra rẹ̀, ẹ sì lè san owó ọjọ́ kan, oṣù kan tàbí ọdún kan. Ohun tó gbé e ga ju àwọn yòókù lọ fún ọ̀rúndún 19 ni atọ́ka tí wọ́n ń pè ní LAFRANCE, tó kó ìgbéyàwó Kátólíìkì Québec láti 1621 dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, pẹ̀lú ìsàmì àti ìsìnkú tó dé nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19. Wọ́n ti so oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ ìdílé kan pọ̀ mọ́ ara wọn, ẹ sì lè wá tọkọtaya papọ̀ níbẹ̀. Àwọn káàdì ìrántí òkú àti ìkéde ikú inú ìwé ìròyìn tún wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ń ran ẹni tí kò mọ ju orúkọ ìyá-ìyá rẹ̀ lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní owó fún oṣù kan péré, tí ìran rẹ̀ sì wà ní Québec láàárín 1800 sí 1930, ibẹ̀ ni kí ó ná an sí, kí ó sì ti kọ gbogbo ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé kí oṣù náà tó bẹ̀rẹ̀.

PRDH yàtọ̀ pátápátá sí àwọn mẹ́ta yìí. Àwọn onímọ̀ nípa iye ènìyàn ní Université de Montréal, Hubert Charbonneau àti Jacques Légaré, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1966, ète wọn sì ni láti fi ìwé àwọn ìjọ kó àwọn ènìyàn Québec jọ padà ní ìdílé-ìdílé. Wọn kò fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú ojú ewé àfọwọ́kọ. Wọ́n ti ka àwọn ìwé náà, wọ́n ti fi ìsàmì ènìyàn kan wé ìgbéyàwó àti ìsìnkú rẹ̀, wọ́n sì ṣe ojú ìwé kan fún tọkọtaya kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn òbí wọn lókè àti àwọn ọmọ wọn nísàlẹ̀. Gbogbo àkókò tó ṣáájú 1800 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, iṣẹ́ náà sì ti wọ inú ọ̀rúndún 19 báyìí. Iye ojú ìwé tí ẹ bá ṣí ni ẹ ń sanwó fún. Bí ẹ bá ti rí tọkọtaya kan tó gbéyàwó ṣáájú 1800, mi ò mọ ohun mìíràn tó lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ní àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀. Ẹ padà lọ wo ojú ewé náà fúnra rẹ̀ lórí FamilySearch, nítorí àwọn ẹlẹ́rìí àti àwọn gbólóhùn kéékèèké tí àlùfáà kọ kì í wọ inú àkópọ̀ náà tán.

Ti àwọn igi ìran tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pinnu bí ẹ ó ti gbà á gbọ́. WikiTree jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń béèrè ẹ̀rí. Àwọn mìíràn kò béèrè nǹkan kan, àṣìṣe tí ẹnì kan ṣe níbẹ̀ sì ti di ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n kàn dà á kọ. Ẹ máa lò wọ́n bí àhesọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé lọ wádìí.

Ìwé atúmọ̀ ìran: Tanguay tàbí Jetté

Àlùfáà ni Cyprien Tanguay. Ìwé ńlá rẹ̀ nípa àwọn ìdílé Kánádà jáde ní ìdì méje láàárín 1871 sí 1890, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ yìí, láti páríṣì dé páríṣì, nítorí náà àṣìṣe wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó dé lẹ́yìn ti tún ṣe. Ìwé René Jetté tó jáde lọ́dún 1983 kò kọjá ọdún 1730, ṣùgbọ́n iṣẹ́ PRDH ni ó gbé kalẹ̀ lé lórí, ó sì péye ju ti Tanguay lọ. Bí ìwé méjèèjì bá ta kora, Jetté ni kí ẹ gbà. Ibi tí Tanguay ṣì wúlò ni àkójọ àwọn àlàjẹ́ tó fi sí ìparí iṣẹ́ rẹ̀, tó ń fi hàn irú orúkọ tó máa ń so pọ̀ mọ́ irú ìdílé wo.

Nótárì: ibi tí ìwé ìjọ bá dákẹ́

Òfin Paris ni àwọn ará Québec ń tẹ̀lé lábẹ́ ìjọba Faransé, nótárì sì ni akọ̀wé tí ń kọ àdéhùn tí òfin mọ̀. Kí wọ́n tó gbéyàwó, ọ̀pọ̀ tọkọtaya máa ń lọ ṣe àdéhùn lórí dúkìá lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo ẹbí á sì péjọ láti buwọ́ lù ú. Bí ẹnì kan bá kú tó fi ọmọ kékeré sílẹ̀, nótárì á kọ gbogbo ohun tó wà nínú ilé sílẹ̀, dórí ìkòkò àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ àti ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Fún ẹni tí ìwé ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ ti sọnù, ohun tó lè dípò rẹ̀ nìyí. Ìyàtọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: àdéhùn lọ́dọ̀ nótárì kò jẹ́ ẹ̀rí pé ìgbéyàwó wáyé, nítorí àwọn kan fagi lé e kí ọjọ́ tó pé.

Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Québec, BAnQ, ti gbé púpọ̀ nínú ìwé àwọn nótárì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ nótárì àti ọjọ́ ni wọ́n fi tò wọ́n. Àkójọ tí wọ́n ń pè ní Parchemin ni ó ní àtòkọ ìwé nótárì láti 1626 dé 1801 pẹ̀lú orúkọ àwọn tọ́ràn kàn. Iṣẹ́ yìí lọ́ra ju ti ìwé ìjọ lọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò sì nílò rẹ̀ títí ìwé ìjọ yóò fi dá a dúró.

Bí ìran náà bá ti kọjá sí Amẹ́ríkà

Láàárín 1840 sí 1930, nǹkan bí 900,000 ènìyàn kúrò ní Québec lọ sí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ òwú Lowell ní Massachusetts, Manchester ní New Hampshire, Woonsocket ní Rhode Island àti Lewiston ní Maine. Ibẹ̀ ni orúkọ ìdílé ti yí lọ́nà tuntun. Àwọn kan yí ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì: Roy di King, Leblanc di White, Boisvert di Greenwood, Courtemanche sì di Shortsleeves. Àwọn mìíràn jẹ́ kí akọ̀wé fi etí tirẹ̀ kọ ọ́, Archambault di Shambo, Benoit di Benway, Thibault di Tebo. Obìnrin tó wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì pàdánù orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn, nítorí orúkọ ọkọ ni wọ́n ń fi kà á níbẹ̀.

Bí a bá ní kí a yan láàárín ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà àti ìwé ìjọ Faransé tó wà ní ìlú kan náà, ìwé ìjọ ni kí ẹ mú. Àwọn páríṣì tí àwọn aṣíwá yìí dá sílẹ̀ fún ara wọn ń kọ ìwé wọn ní èdè Faransé bí ti ilé, orúkọ àtijọ́ àti orúkọ ìyá sì wà níbẹ̀ pé pérépéré lẹ́yìn tí King ti di orúkọ wọn ní ilé-iṣẹ́. American-French Genealogical Society ní Woonsocket àti American-Canadian Genealogical Society ní Manchester ti kó púpọ̀ nínú ìgbéyàwó àwọn páríṣì yìí jọ. Ẹni tí ìran rẹ̀ já sí New England yóò rí ìrànwọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì ju bí yóò ti rí i lórí ìkànnì ńláńlá lọ.

Bí ẹ bá dé etí òkun Faransé

Ìwé ìgbéyàwó ẹni àkọ́kọ́ tó dé Québec sábà máa ń dárúkọ páríṣì rẹ̀ ní Faransé, ìbáà ṣe ní Normandie, Perche, Poitou, Aunis tàbí Paris. Ìwé yìí ṣe pàtàkì gan-an fún àwọn tí wọ́n ní “Fille du roi” nínú ìran wọn, àwọn obìnrin tó tó nǹkan bí 800 tí ọba Faransé san owó ọkọ̀ wọn láàárín 1663 sí 1673 kí wọ́n lè lọ́kọ níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ sí ìkànnì àwọn ilé ìpamọ́ ìwé ní Faransé, ẹ kọ́kọ́ wo Fichier Origine, àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn aṣíwá tí a ti rí ìwé wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n ti wá nìkan ni ó sì kọ sílẹ̀. Bí orúkọ ẹni yín bá wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ti parí iṣẹ́ náà.

DNA tàbí ìwé?

Nǹkan bí 10,000 ènìyàn péré ni wọ́n wá láti Faransé tí wọ́n sì dúró ní Québec ṣáájú 1760, púpọ̀ nínú àwọn ará Québec òní ló sì ti ara wọn jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe àyẹ̀wò DNA, àwọn ìbátan tí yóò gbé jáde yóò pọ̀ yanturu, yóò sì fi wọ́n hàn bí ẹni pé wọ́n súnmọ́ yín ju bí wọ́n ti súnmọ́ gan-an, nítorí ènìyàn méjì lè bára tan ní ọ̀nà mẹ́wàá láìmọ̀. Fún ẹni tí a gbà tọ́, tàbí ẹni tí kò mọ bàbá rẹ̀, DNA ni ó yẹ kó ṣáájú. Ó tún wúlò fún ìdánwò àlàjẹ́: bí ọkùnrin kan bá ń jẹ́ Lavigne tí òmíràn ń jẹ́ Loranger, àyẹ̀wò ìlà bàbá lè fi hàn bóyá Rivard kan náà ni wọ́n. Fún gbogbo ohun mìíràn tó ṣáájú 1900, ìwé ni ó borí.

Ibi tí ìwé wọ̀nyí kò dé

Ohun tí mo ti sọ nípa Québec kò bá Acadie mu, ilẹ̀ Faransé kejì tó wà ní etí Òkun Àtìláńtíìkì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ará Acadie kúrò lọ́dún 1755, púpọ̀ nínú ìwé ìjọ wọn sọnù. Ti Port-Royal láti 1702 dé 1755 wà lára èyí tó kù. Ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ibẹ̀, tàbí láti Louisiana níbi tí púpọ̀ wọn tẹ̀dó sí, kí ó má ṣe retí ohun tí PRDH ń ṣe fún àwọn yòókù.

Àwọn ẹrú náà wà nínú àwọn ìwé yìí. Òpìtàn Marcel Trudel rí nǹkan bí 4,200 nínú wọn ní Québec lábẹ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló pọ̀ jù, àwọn aláwọ̀ dúdú sì tẹ̀lé wọn. Olivier Le Jeune, ọmọdé aláwọ̀ dúdú tí wọ́n mú dé Québec nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà lọ́dún 1629, ní àkọsílẹ̀ ìsìnkú rẹ̀ ní 1654. Nínú ìwé ìjọ, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sábà ń fún wọn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni wọ́n. Ẹni tó bá ń wá irú ìran bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wá olówó wọn nínú ìwé nótárì, níbi tí a ti ń tà wọ́n tí a sì ń fi wọ́n jogún.

Fún àwọn tó wà láyé

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1981 ni òfin Québec ti sọ ọ́ di dandan pé kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan di orúkọ tí wọ́n bí i sí mú, ọmọ sì lè jẹ́ orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, tàbí méjèèjì papọ̀. Nínú ìran tó ń bọ̀, ẹ ó máa rí orúkọ oníbejì tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú “dit” rárá, ẹ má sì ṣe kà á sí àlàjẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1994, ìwé ìjọ kò jẹ́ ìwé ìbí lójú òfin mọ́. Directeur de l’état civil ni ó ń fúnni ní ìwé náà báyìí, òun náà ló sì di ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde jù mú. Àwọn ìwé tó ti lé ní 100 ọdún ni wọ́n ń kó lọ sí BAnQ. Nítorí náà, bí òbí-àgbà tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ bá ṣì wà nílé, ẹ béèrè páríṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó ìkànnì kankan.